Òpó Tó Ń Ṣọ́ Ìrìn Ilẹ̀

Ọdún 2012 ni ilé iṣẹ́ ìjọba tí mò ń bá ṣiṣẹ́ gbé mi wá sí Abuja. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo kọ́, mo sì ti rò pé oko àti ilé onílé ni n ó máa wọ̀n káàkiri. Àmọ́ òpó kọnkéré kan ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa ló wà, ó ga dé àyà mi, wọ́n sì de àńtẹ́nà roboto mọ́ orí rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni àńtẹ́nà yẹn ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó ń yí ayé po. Inú àmì yẹn ni a ti ń mọ ibi tí òpó náà wà gan-an lórí ilẹ̀ ayé. Tí a bá fi ti ọdún yìí wé ti èṣí, a ó rí i pé ó ti sún.

Òpó kọ́ ló sún. Àpáta ńlá tí Áfíríkà jókòó lé ló ń lọ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀nà àríwá àti ìlà-oòrùn, ó sì ń gbé Abuja, Èkó àti Kabba ìlú wa lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ìrìn ọdún kan kò tó ìbú ìka ọwọ́ méjì. Kéèyàn tó lè rí i, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ láìdáwọ́dúró, lójú kan náà, ọdún lé ọdún.

Ìyá mi wá kí mi nílé mi ní Karu, ó ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi. Mo ṣàlàyé. Ó wá bi mí pé, "Ṣé ẹ fẹ́ dá a dúró ni?"

"Rárá, Màmá. A kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń rìn ni. Àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká náà ní òpó tiwọn. Tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó mọ̀ bóyá ibì kan ń fà sẹ́yìn."

"Ó dáa. Jẹun kó o máa lọ, mọ́tò ò ní dúró dè ọ́."

Iná ìjọba ni wàhálà mi àkọ́kọ́. Ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tí bátìrì sì kú, àlàfo ló ń wọ inú iṣẹ́ wa. Mo máa ń gba Apo lọ wá bátìrì tó lágbára lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, n ó gbé e sẹ́yìn mọ́tò, n ó sì fọwọ́ ara mi so ó. Mo da ọ̀gá mi láàmú títí ó fi ra sọ́là fún wa. Látìgbà náà, àlàfo dín kù gan-an.

Bí a ṣe ń bọ̀ nìyẹn títí di ọdún 2015. Ọ̀gá mi, ọmọ Ìlọrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tèmi mu, pè mí.

"Ẹ má bínú o. Ibi tí òpó yẹn wà ni wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tuntun sí. Ẹ bá wa gbé e lọ síbòmíì."

"Ọ̀gá, tí a bá gbé e, a ò ní lè dá èyí tó jẹ́ ìrìn ilẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ pé àwa la gbé e. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ òmíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, kí àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lè wó ti àkọ́kọ́."

Ó ní kò sí àyè, agbaṣẹ́ṣe ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé àga rọ́bà síwájú òpó, mo jókòó. Mo rọra tẹ orí ba, kí n má bàa dí àmì lọ́wọ́. Agbaṣẹ́ṣe dé pẹ̀lú katapílà.

"Màdáámù, ẹ dìde, a fẹ́ ṣiṣẹ́."

"Èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́," mo dá a lóhùn.

Ẹni tó ń wa katapílà pa ẹ́ńjìnnì, ó kí mi lédè Haúsá pé, "Sànnu, Hajiya," ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tó yá, ọ̀gá dé. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ tàbùkù mi níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí ni?"

"Rárá, ọ̀gá. Tí ẹ bá ní kí wọ́n wó o, n ó dìde. Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Ó wo òpó náà. Òun náà ti ru irinṣẹ́ wọ inú igbó rí kó tó di ọ̀gá. "Títí di ìgbà wo lẹ fẹ́?"

"Kí òjò ọdún yìí lọ."

Ó yíjú sí agbaṣẹ́ṣe, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìhà kejì.

Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Mọ́pà, la jọ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà títí irin fi dún lórí àpáta. A di irin, a da kọnkéré nínú òjò, a ta tapólì bò ó. Mo bẹ ẹ̀ka iṣẹ́ míì, wọ́n yá wa ní àńtẹ́nà kejì. Àwọn òpó méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ títí ọyẹ́ fi dé. Nígbà tí ìṣírò dá mi lójú, èmi fúnra mi lọ sọ fún ọ̀gá pé wọ́n lè wó ti àkọ́kọ́. Mo dúró wò ó. Kò tètè wó, ó sì dùn mọ́ mi nínú pé kò tètè wó.

Ní ọdún 2018, ilẹ̀ mì ní Mpape, àdúgbò kan ní Abuja níbí. Ẹ̀rù ba gbogbo ìlú, àwọn ará àdúgbò mi ń kanlẹ̀kùn bi mí. Ọ̀gá pè mí.

"Kí ni òpó wa wí?"

"Mi ò rí i kó fò rárá, ọ̀gá. Bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń lọ."

"Ṣé kí n sọ fún wọn pé kò séwu?"

"Ẹ má sọ ìyẹn. Ẹ sọ pé òpó kan ò tó, pé a gbọ́dọ̀ ri òmíì sí Mpape."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ lọ wá ibi tó dáa."

Èmi àti ọmọ Mọ́pà lọ. A rí àpáta kan tó tẹ́jú, tí igi kankan kò bo ojú sánmà lókè rẹ̀. Obìnrin tó ń gbé nítòsí jáde sí wa, ó bi wá bóyá ilẹ̀ tún máa mì. Mo ní mi ò mọ̀. Ó wò wá, ó wọlé lọ bu omi wá fún wa, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò sínú àpáta náà.