Okùn Ọjọ́ Méje

Ká ní eegun nìkan ni Ọlọ́run fi dá ènìyàn ni, Adégòkè ará Fìdítì ì bá má ní ẹ̀dùn ọkàn kankan láyé. Eegun apá rẹ̀ tọ́ ṣánṣán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olúwọlé, tó ń ṣe iṣẹ́ eegun títò, a tilẹ̀ máa fi apá náà yangàn.

Ọsàn ni Adégòkè ń ká jẹun. Bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn òmìnira, láti Fìdítì dé Ìlọrà, kò sí ẹni tó lè bá a ká a. Ọwọ́ òsì á di ẹ̀ka mú, ọwọ́ ọ̀tún á yí ọsàn lẹ́ẹ̀kan, ó ti já. Bó bá di ẹ̀ṣẹ́, iṣan apá rẹ̀ á ta kókó, àwọn ọmọdé á máa tẹ̀ ẹ́ wò.

"Apá yìí ló ń bọ́ wa," Àlàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ a máa wí, kì í sì í ṣe àwàdà.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ka dá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó já lulẹ̀, apá ọ̀tún kán. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Olúwọlé. Ọkùnrin náà mọṣẹ́, ẹ má jẹ́ á purọ́ mọ́ ọn. Ó fa eegun bọ̀ sípò, ó to pẹlẹbẹ ọparun yí i ká, ó sì fi okùn dì í gbagidi. Ó wá kéde èèwọ̀ ilé wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú okùn náà kí ọjọ́ méje tó pé. Ẹni tó bá tú u, eegun ò ní í so mọ́ láéláé.

Kí oòrùn tó wọ̀, apá wú, ìka tutù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ okùn yìí díẹ̀. N ò mọ ìka mi mọ́."

"Ìrora náà ni eegun fi ń so! Ìwọ ọkùnrin bí igi yìí, ojú ò tì ọ́?"

Àlàkẹ́ nawọ́ sí okùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. "Bàbá Rachel, ẹ jẹ́ n tú u," ó bẹ ọkọ rẹ̀. Adégòkè fúnra rẹ̀ ló gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Ṣé o fẹ́ sọ mí di aláàbọ̀ ara ni?"

Lọ́jọ́ kẹta, ìrora dáwọ́ dúró. Wọ́n yọ̀, wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ keje tí wọ́n tú okùn, ìka márààrún ti ká kò, kò ṣeé nà mọ́.

Dorothy, nọ́ọ̀sì kan l'Ọ́yọ̀ọ́, yẹ̀ ẹ́ wò títí.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ mọ bí ẹran màlúù tó jinná ṣe máa ń ya ní fọ́nrán-fọ́nrán? Bẹ́ẹ̀ ni iṣan tiyín náà rí. Inú ẹran apá níbí ni ohun tó ń fa ìka wà. Bí fọ́nrán bá sún kì, ìka á ká. Bó bá dẹ̀, ìka á nà. Ẹ̀jẹ̀ sì ni oúnjẹ rẹ̀. Okùn yẹn ò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọjá, iṣan bá kú. Ó gbẹ, ó sún kì, ó fa ìka wọlé."

"Ìrora tó dáwọ́ dúró ńkọ́?"

"Ìgbà tó kú ni kò dùn yín mọ́."

Adégòkè rẹ́rìn-ín kíkorò. "Áà! Ọjọ́ tí apá mi kú la lọ dúpẹ́!"

Ọdún méjì kọjá. Ìyábọ̀dé, ọmọ Mobọ́lá, obìnrin aládùúgbò wọn, ṣubú, apá rẹ̀ kán. Olúwọlé ránṣẹ́ pe Adégòkè kó wá fi apá rẹ̀ ṣe ẹ̀rí.

"Ẹ fọwọ́ pá eegun àbúrò mi yìí wò, Mobọ́lá. Ẹ rí ibi tó ti kán?"

Mobọ́lá fọwọ́ pá a, ó ní kò síbì kankan. Kò sẹ́ni tó bèèrè nípa ìka tó ká kò. Wọ́n di ọmọ náà gbagidi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, igbe ọmọ ò dá. "Bàbá, n ò mọ ìka mi mọ́."

Adégòkè fọwọ́ òsì kan ìka ọmọ náà. Ó tutù. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí kókó okùn, ìka kíká kàn ń họ ọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ ni. Ọwọ́ òsì nìkan ò sì lè tú u.

"Èèwọ̀!" Mobọ́lá figbe ta. Olúwọlé gbé ọ̀pá, ó ń sáré bọ̀. "Ṣé o fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ni?"

Adégòkè kúnlẹ̀, ó ki eyín bọ kókó okùn. Ọ̀pá bà á lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ó bà á lẹ́ẹ̀kejì, kò gbójú sókè. Okùn já. Ó dúró, ó ń wo ìka ọmọ náà.

Àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ mì.