Ìwé Tó Wà Nísàlẹ̀ Pátápátá

Ìgbà ọyẹ́ ni, lọ́dún tí Dámiọ́lá ọmọ mi parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí a ti géètì ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa ní Àbújá pa fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Bó ṣe rí nìyí.

Ọ́fíìsì tó ń fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sókè òkun ni mo ti ń ṣe akọ̀wé. Ọ̀dọ̀ wa ni Dámiọ́lá ti gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Jámánì sì ti fún un láàyè láti wá ṣèwádìí lórí bátìrì iná oòrùn. Èsì rẹ̀ nìkan ló kù. Níṣojú rẹ̀ ni mo fi ìwé rẹ̀ sísàlẹ̀ pátápátá nínú fáìlì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ mi ni mo ń dá lóhùn ṣáájú. Kò tíì kàn án tí ìyanṣẹ́lódì fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí wọ́n sọ àwọn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ di òṣìṣẹ́ gidi.

Torí pé n kì í ṣàṣìṣe, èmi ni ẹgbẹ́ fún ní kọ́kọ́rọ́ géètì àti ti ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá kan láti Kàbbà dọ̀bálẹ̀ nínú eruku nítorí èsì ọmọ rẹ̀. N ò ṣílẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Dámiọ́lá wọ ọkọ̀ wá láti Nyanya.

“Mọ́mì, aago mẹ́rin òní ni àwọn ará Jámánì máa pa ìforúkọsílẹ̀ dé. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré lórí kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́.”

Alága ẹgbẹ́ wa ò gbójú sókè. “Ìyá Dámi, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà. Àmọ́ ẹ rántí bàbá Kàbbà.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. “Kai! Ti ọmọ onílé yàtọ̀ o!”

Mo wo aago. Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú.

“Dámi, máa lọ sílé.”

“Mọ́mì, ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?”

“Mo gbọ́. Eruku yìí ti pọ̀ jù fún ọ. Ṣé o ti jẹun?”

Ó jókòó sódìkejì títì títí aago mẹ́rin fi lù. Lẹ́yìn náà ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì wọkọ̀.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá, àwọn aláṣẹ gbà fún wa. Gbogbo àwọn onígbà díẹ̀ di òṣìṣẹ́ gidi. Ọ̀kan nínú wọn ló wà lórí àga mi báyìí. A borí, n kò ní purọ́. Ẹlòmíràn ni wọ́n fún ní àyè Dámiọ́lá. Bàbá Kàbbà, n ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní, n ò sì tíì bẹ̀ ẹ́.

Karmo, ní Àbújá níbí, ni Dámiọ́lá ti ń tún ínfátà, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì tanná, ṣe báyìí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ fún mi ní ìwé ẹ̀yẹ nínú férémù. Òun ló wá bá mi kàn án mọ́ ògiri, ìṣó lẹ́nu rẹ̀.

“Mọ́mì, níbo? Ṣé ìsàlẹ̀ pátápátá?”

Ó kúnlẹ̀, ó sì kàn án síbẹ̀.