Ìwé Ìwọ̀n Tí Mo Gbé Lọ Bá Ìjọba

Èmi kì í lè jókòó pẹ́ lójú kan. Ìyá mi ní láti kékeré ni, pé ìdí mi kò gba àga. Ní ọ̀sẹ̀ tí à ń kó orúkọ àwọn ọmọ jọ yẹn, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo bá gé aṣọ dé ìdajì, mo ti dìde. Bí mo bá bu oúnjẹ, orí ẹ̀rọ ìránṣọ ni yóò tutù sí.

Ọmọbìnrin mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sì tíì wọ kíláàsì rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì le. Àtẹ̀gùn ló yí iléèwé ìjọba tó wà nítòsí wa ní Darkuman, ní Accra, ká, ọ̀gá ibẹ̀ sì ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé kò sí olùkọ́ tí yóò máa gbé ọmọ ọlọ́mọ gòkè. Àwa ìyá tí ọ̀rọ̀ wa jọra wá para pọ̀, a kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n ṣe ọ̀nà tó dagẹ̀rẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ aláìlerìn lè gbà, kí wọ́n sì fi olùkọ́ kan kún àwọn tó wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ní ọ́fíìsì wọn ní kí a mú orúkọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wá kí aago márùn-ún ọjọ́ Ẹtì tó lù. Ọmọ tí kò bá sí nínú ìwé, wọn kò ní wá àyè fún un lọ́dún yìí.

Àwọn ìyá yòókù ní kí n mú ilé àwọn Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, torí pé mo gbọ́ èdè. Wọ́n rò pé ìyẹn ni yóò rọrùn. Ta ni yóò ka ọmọ rẹ̀ fún mi? Bí mo bá ti béèrè pé ọmọ mélòó ló wà nílé, ojú á yí padà. Ìyá àgbà kan tí wọ́n bí sí Accra níbí, tí kò dé Ọ̀fà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, sọ fún mi pé Ọlọ́run ló mọ iye wọn. Ìyá ọmọ kan ní èyí tí mò ń wá ti lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà, bẹ́ẹ̀ mò ń gbọ́ ohùn ọmọ náà nínú yàrá. Inú bí mi gan-an. Mo sọ fún un pé ọmọ kì í ṣe ẹrù òfin tí èèyàn ń kó pamọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo fi fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa sílé, mo fi téèpù kọ́ ọrùn, mo mú ìwé ìwọ̀n mi dání. Mo ní mo fẹ́ wọn ọmọ fún aṣọ iléèwé, mo sì sọ ibi tí orúkọ náà ń lọ. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Télọ̀ kì í ka ọmọ, ó ń wọ̀n wọ́n ni. Wọ́n ń ti inú yàrá jáde sí mi, èyí tí kò gbọ́ràn, èyí tí kò ríran tó di etí téèpù mú tí kò fẹ́ fi sílẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ gbé tiwọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí ọmọ mi ti jókòó lórí ẹní, tó ń wò wá. Mo kọ orúkọ, mo kọ àyà, mo kọ gígùn, mo kọ ohun tí ọmọ náà nílò sí abẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, obìnrin ọ́fíìsì ìjọba yẹn ṣí ìwé náà lójú mi, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ní kí n jókòó, n kò lè jókòó. Nígbà tó kà á tán, ó fi èdè Twi bi mí pé, "Ìyá, tìrẹ dà?"

Mo fẹ́ sọ pé mo gbàgbé. Irọ́ ni. Lóòótọ́, ojú lásán ni mo fi ń gé aṣọ rẹ̀ láìwọ̀n ọ́n, torí ara tí mo ń pọ̀n lójoojúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí. Òun nìkan ni mo bí, n kò sì fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tí ẹni tí n kò mọ̀ yóò máa ṣí. Èmi yìí kan náà ló lọ bú ìyá tó fi ọmọ rẹ̀ pamọ́. Ojú tì mí.

Aago márùn-ún kò tíì lù, mo sáré wọ ọkọ̀ padà sílé. Ọkọ̀ kò rìn, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Kaneshie, mo fẹsẹ̀ rìn délé. Ó wà lórí ẹní rẹ̀ pẹ̀lú ìyá mi. Mo yọ téèpù lọ́rùn. N kò tíì sọ nǹkan kan tó fi na apá ọ̀tún bó ṣe rí i tí àwọn yòókù ń ṣe, tó tún fi ọwọ́ ọ̀tún náà gbé ti òsì sókè.

"Ṣé ó ti wá kàn mí báyìí?" ó béèrè.

Mo wọn àyà rẹ̀, mo wọn gígùn rẹ̀. Mo pọ̀n ọ́n, mo gba takisí padà. Àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń dé ọ́fíìsì náà fúnra rẹ̀, mo gun gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ mi ń lù mí ní orúnkún. Obìnrin náà ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó rí wa, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó mú bírò.

Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n ọmọ mi ti ń dárúkọ ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn mi, díẹ̀díẹ̀, ó fi ti bàbá rẹ̀ kún un. Mo dúró jẹ́ẹ́ títí obìnrin náà fi kọ ọ́ tán.