Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́

Lọ́jọ́ tí Hadda jókòó láti kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́, ọkùnrin inú àwòrán ìwé ìròyìn, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi omi gbígbóná ṣan ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ọwọ́ náà dọ̀tí. Ó fẹ́ kí ìka rẹ̀ rọ̀ ni. Oṣù kejì ọdún ni, òtútù sì ń ti inú ọ̀gbun tó la ìlú Kusantina sí méjì gòkè wá bá àwọn ilé tó wà létí rẹ̀. Ilé Hadda wà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Ìka rẹ̀ àárín ti wọ́ díẹ̀, kálàmù kò sì jókòó síbẹ̀ mọ́ bó ṣe ń jókòó láyé ijọ́sí.

Áfáà ni bàbá tó bí i. Abúlé kan lẹ́yìn òkè ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Àwọn ọmọkùnrin ló ń kọ́, Hadda ló ń fọ wàláà wọn. Ṣùgbọ́n kí ó tó fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kọ́kọ́ fi ìka tọ ipa ohun tí wọ́n kọ sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀wé kọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ ọ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan nílùú gbà á síṣẹ́ pé kó máa se kọfí, kó sì máa gbálẹ̀. Ibẹ̀ ló ti pàdé Khemissi.

Khemissi ni ayàwòrán wọn. Tó bá di àwòrán yíyà, kò sẹ́ni tó tó o. Tó bá di ọ̀rọ̀ kíkọ, ọwọ́ rẹ̀ dà bí ibi tí adìẹ ti tanlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Hadda gbé kọfí wá fún un, ó wo bébà tó wà níwájú rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, kí ni ọkùnrin yìí ń sọ?"

"Ṣé o ò lè kà á ni?"

"Ohun tí èèyàn bá kọ ni mo lè kà."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Khemissi na kálàmù sí i. "Ó yá, ìwọ èèyàn, kọ ọ́." Hadda gbé kọfí kalẹ̀, ó kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko, òun ló kọ gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́.

Nínú àwòrán náà, aṣọ́lé ni Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́. Ilé alájà mẹ́wàá ló ń ṣọ́. Omi ń yọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gbé èèyàn gòkè kò sì tíì gbéra láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣílé. Ogójì kọ́kọ́rọ́ ló so mọ́ ìbàdí, kò sì sí ọ̀kan tó ṣí ilẹ̀kùn tó yẹ kó ṣí. Alága ilé á wá, á ṣèlérí. Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ á dá a lóhùn ní gbólóhùn kan péré, gbogbo ìlú á sì mọ irú alága tó ń bá wí. Ojú ìwé tó kẹ́yìn ló wà, nítorí rẹ̀ làwọn èèyàn Kusantina ṣe ń ti ẹ̀yìn ka ìwé ìròyìn.

Ohun kan wà tí Khemissi kì í fi ṣeré nínú àwòrán yẹn, ọwọ́ ni. Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ a máa fi ọ̀tún jẹun, ọ̀tún náà ló fi ń bọ èèyàn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló na òsì síta, lọ́jọ́ tí alága wá kí i kú ọdún lẹ́yìn tí omi kò yọ fún odidi oṣù kan. Àwòrán ọjọ́ náà kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń sọ ọ́ ní àwọn ilé kọfí.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ burúkú dé. Ní ọdún 1994, tí àwọn agbébọn ń pa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹnì kan ti lẹ́tà kan sábẹ́ ilẹ̀kùn Khemissi. Kò kà á sí ẹnikẹ́ni létí. Ó di ẹrù rẹ̀, ó kó lọ sí Annaba létí òkun, kò sì ya nǹkan kan mọ́. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Hadda bẹ̀rẹ̀ sí ránṣọ. Ó ń kọ ìwé ìpè ìgbéyàwó fáwọn aládùúgbò, ó tọ́ ọmọbìnrin méjì, ó sin ọkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé, "Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ wa ńkọ́?", á ní, "Ó wà." Kò mọ̀ bóyá irọ́ lòun ń pa.

Ọmọkùnrin ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń ka àwòrán náà láyé ọjọ́un, Bouzid, ló wá di olóòtú ìwé ìròyìn tuntun kan. Oṣù mẹ́ta ló fi ń lọ sí Annaba, tó ń bẹ Khemissi. Khemissi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Níkẹyìn, ó ní òun gbà, ó sì pe Hadda lórí fóònù.

"Ọ̀kan ni màá yà, Hadda. Ìwọ ni wàá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tó bá jáde bó ṣe yẹ, màá ya òmíràn. Tí wọ́n bá bà á jẹ́, ó parí nìyẹn. Mi ò lè wá di ẹni yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ ogbó. Ìwọ ni mo fi í lé lọ́wọ́ o."

"Mo gbọ́, Ọ̀gá."

Hadda mọ ìwà rẹ̀. Khemissi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ti àkọ́kọ́ yìí bá bàjẹ́, Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ á kú lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ òun Hadda ló sì máa kú sí.

Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé. Wọ́n tẹ àwòrán náà sórí bébà fún un, ojú mẹ́rin tó tò tẹ̀léra, pẹ̀lú àyè róbótó funfun níbi tí ọ̀rọ̀ máa jókòó sí. Hadda na bébà fẹ́lẹ́ lé e lórí, irú èyí tí a lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó tọ ipa àyè kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìrù rẹ̀ tó lọ sí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó wá fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí méjì nígbà kan rí. Ọjọ́ méjì ló gbà á báyìí. Wassila, ọmọbìnrin tó ń to ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ Bouzid, ló wá gbà á lọ.

"Ẹ má ṣe tíì fi ránṣẹ́ sílé ìtẹ̀wé kí n tó rí i," ni Hadda wí fún un. "Ọ̀la, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, màá wá."

"Àlájà, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹyin ni mo ṣe máa gbé e."

Lọ́jọ́ kejì, Hadda rìn gba orí afárá dé ibẹ̀. Wassila ti tẹ ojú ìwé náà jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ní ojú àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún, níbi tí kíkà Lárúbáwá ti ń bẹ̀rẹ̀, Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ gbogbo ará ilé lọ́wọ́. Ní ìkejì, wọ́n ń bi í pé níbo ló wà láti ọjọ́ yìí. Ní ìkẹta, ó ní, "Mo ń dúró de ẹ̀rọ agbénigòkè." Ní ìkẹrin, ó ti jókòó ti àwo kúsíkúsì pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Obìnrin kan bi í pé, "Ó wá dé nígbẹ̀yìn?" Ó ní, "Rárá. Àtẹ̀gùn ni mo gbà."

Hadda kò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ìkọ̀wé rẹ̀ hàn kedere, lẹ́tà kan kò bọ́. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó wọlé ara rẹ̀ tó bá ìjókòó níbi tí kò fi í sí.

"Kí ló dé, Àlájà?" ni Bouzid wí. "Ṣé kò wù yín ni?"

"Ọwọ́ rẹ̀. Òsì ló fi ń jẹun."

Bouzid tẹjú mọ́ ọn. "Háà, rárá o. Ó kọjú sí wa ni. Ìyẹn ló ń dà yín rú."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó o tó sọ. Ṣùgbọ́n òsì ni."

Wassila mú ṣíbí nínú àwo tíì, ó fi í lé Bouzid lọ́wọ́, àwọn méjèèjì dúró kọjú síra wọn.

"Ẹ gbé ọ̀tún yín sókè, Ọ̀gá."

"Òun nìyí."

"Ìyẹn kọ́, ìyẹn òsì!"

"Òsì tìẹ ni, ọ̀tún tèmi! Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹ níwèé?"

"Ẹ̀yin náà lẹ gbà mí síṣẹ́ o."

Wọ́n yí, wọ́n tún yí, títí kò fi sẹ́ni tó mọ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ láàárín wọn. Bouzid ju ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká pe Ọ̀gá Khemissi, ká bi í."

"Tó o bá pè é," ni Hadda wí, "o ti bà á jẹ́ tán nìyẹn. Wassila, bébà fẹ́lẹ́ mi dà?"

Wassila mú un wá. Hadda na bébà náà lé orí ojú ìwé tí wọ́n tẹ̀, ó rọra fà á títí ọ̀rọ̀ fi bá ọ̀rọ̀ mu. Lẹ́tà wọ inú lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ìrù àyè ọ̀rọ̀ tí òun tọ ipa rẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún, èyí tó wà lójú ìwé sì tẹ̀ sí òsì. Ní gbogbo ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Ó fi èékánná tọ́ka sí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó sì dúró.

Wassila fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ti Faransé!"

Ilé iṣẹ́ kan náà ló ń tẹ ìwé ìròyìn èdè Faransé, tí wọ́n ń kà láti òsì bọ̀ wá sí ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwòrán náà máa jáde nínú tiwọn. Wassila ti kọ́kọ́ to tiwọn: ó yí ojú kọ̀ọ̀kan po bí ẹni pé inú dígí ni wọ́n wà, kí ojú ẹni tó ń kà lè bá a lọ. Nígbà tó wá dé orí ti Lárúbáwá, ó rántí pé ọ̀tún ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó to ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti yí po náà ló mú.

"Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, Àlájà. Ẹ dákun."

"Ẹni táwọn èèyàn ti ń dúró dè láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n," ni Hadda wí, "ó wá padà sílé bàbá rẹ̀, ó na ọwọ́ òsì sí wọn. Ohun tí wọ́n máa rí lọ́la nìyẹn. Tún un ṣe."

Ohùn Bouzid lọ sílẹ̀. "Àlájà... a ti fi ránṣẹ́. Bọ́ọ̀lù wà lónìí. Àwọn ará ilé ìtẹ̀wé ní àwọn fẹ́ tètè lọ, kí á fi ojú ìwé wá ṣáájú."

Hadda wá ibi tó máa jókòó sí. Bouzid gbé fóònù, ó pe Derradji, ọ̀gá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Àlàájì Derradji, ẹ jọ̀ọ́, ojú ìwé tó kẹ́yìn, ẹ dá a dúró."

"Dá kí ni dúró? Ẹ̀rọ ti ń gbóná! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jókòó sórí àga, ẹ mọ iye páànù ìtẹ̀wé tí mo ti gé látàárọ̀? Bọ́ọ̀lù ku wákàtí méjì!"

"Àṣìṣe kan ló wà nínú Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́..."

"Àṣìṣe wo? Mo ti rí i. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ń wúkọ́."

Hadda gba fóònù. "Derradji, Hadda tó ń kọ̀wé ni. Ẹ wo ọwọ́ tó fi mú ṣíbí."

Wọ́n gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń lọ, ẹ̀rọ ń dún gbùrù lẹ́yìn. Ó pẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkèèrè, kì í ṣe àwọn ló ń bá sọ̀rọ̀: "Ẹ pa á! Mo ní ẹ pa ẹ̀rọ yẹn! Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ń fi òsì jẹun níbí, ẹ̀ ń wò ó!" Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Derradji padà sórí fóònù. "Àlájà Hadda, ẹ ṣé. Ẹ ní kí wọ́n fi òmíràn wá kíákíá. Bọ́ọ̀lù ò lọ síbì kankan."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Wassila fi tún un ṣe, ó sì pa àwọn ojú tó yí po fún ti Faransé náà rẹ́. Hadda tún na bébà fẹ́lẹ́ lé e lórí, ó wo ìrù kọ̀ọ̀kan kí ó tó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì kesra gbígbóná. Lẹ́bàá ọlọ́jà ìwé ìròyìn, bàbá arúgbó kan tó jókòó ti ọ̀pá rẹ̀ ń kà á sókè fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín kò sì jẹ́ kó parí rẹ̀. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ń sọ pé, "Òun náà ni! Ẹ wo bó ṣe ń bọ wá lọ́wọ́." Hadda ra ẹyọ kan, ó ti ẹ̀yìn ṣí i. Ọ̀tún ni. Ó ká a mọ́ kesra, ó kọjú sílé.

Kò tíì bọ́ ìborùn nígbà tí fóònù dún.

"Hadda."

"Ọ̀gá. Ẹ káàárọ̀."

"Mo ti rí i. Ṣíbí yẹn."

"Kí ló ṣe ṣíbí?"

"Mo yà á tóbi jù. Ó dà bíi ṣọ́bìrì."

Hadda mí kanlẹ̀. "Ebi ń pa á, Ọ̀gá. Ọ̀nà jìn."

Khemissi rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́, ó tún rẹ́rìn-ín. "Àwọn èèyàn ti ń pè mí látàárọ̀, àwọn tí mo rò pé wọ́n ti kú. Gbọ́, èkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Alága ti gbọ́ pé ó ti dé. Lọ́la ni màá fi ránṣẹ́."

"Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ya ọfà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níta àwòrán. Kó kọjú sí ọ̀tún."

"Ọfà? Nítorí kí ni?"

"Ẹ ṣáà yà á."

"Wọ́n fẹ́ yí i po mọ́ mi lọ́wọ́, àbí?"

"Wọn ò yí i po. Ṣé ẹ ò rí i pé ọ̀tún ló fi jẹun?"

"Mo rí i," ni Khemissi wí. Hadda sì gbọ́ tí bébà ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún ní Annaba, tí kálàmù ń họ ojú rẹ̀, tó ń ya ọfà náà.