Àyọ̀ká Dáramọ́lá àti Ọgbà Chenonceau

Kí Àyọ̀ká Dáramọ́lá tó di ìyá àgbà ní Bramalea, nílẹ̀ Kánádà, olùkọ́ èdè Faransé ni nílé-ìwé girama kan ní Abẹ́òkúta. Kò sí ọmọ tó jókòó ní kíláàsì rẹ̀ tí kò mọ Chenonceau. Ààfin àtijọ́ kan ni nílẹ̀ Faransé, orí odò gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí, tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí ìgbà tó ń gba abẹ́ afárá. Àyọ̀ká á fi ṣọ́ọ̀kì ya ààfin náà sójú pátákó, á ya ọgbà òdòdó kan sápá ọ̀tún, á ya òmíràn sápá òsì.

"Èyí ni ti ìyàwó ọba, èyí ni ti àlè rẹ̀. Nígbà tí ọba kú, ìyàwó lé àlè jáde, ó sì ṣe ọgbà tirẹ̀ síbẹ̀."

Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ orogún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣàlàyé fún ọmọ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n Àyọ̀ká fúnra rẹ̀ kò débẹ̀ rí. Inú ìwé ló ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, Gbóyèga ọmọ rẹ̀ pè é wá sí Kánádà. Ó wá, ó bá wọn tọ́ Ìfẹ́ ọmọ wọn dàgbà, lẹ́yìn náà ló gba iṣẹ́ nílé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ààfin àti ọgbà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi kúnlẹ̀ sáàárín pálọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan, nígbà tí Gbóyèga ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tó ní, "Mummy, ẹ múra o. A ń lọ sí Faransé ní July, gbogbo wa. A máa dé ààfin yín yẹn."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ra bàtà tí kò ní dun ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá Faransé sọ ní balùwẹ̀.

Ìrìn àjò ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Tósìn, ìyàwó Gbóyèga, kó páásípọ́ọ̀tù jọ sórí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójijì.

"Gbóyèga, ti Nàìjíríà ni ti Mummy. Wọ́n nílò físà."

Àwọn yòókù ti di ọmọ Kánádà, wọn ò nílò nǹkan kan. Gbóyèga sáré gbé fóònù. Ọjọ́ tó yá jù tí ààyè ṣí sílẹ̀ láti lọ tẹ̀ka fún físà náà, August ni, wọn á ti lọ, wọn á ti bọ̀. Tósìn gba ọjọ́ náà bẹ́ẹ̀, kó má baà bọ́.

"Mummy, ẹ má bínú," ni Gbóyèga wí. "Mo rò pé bákan náà ni ti gbogbo wa."

"O rò. Ṣé o bi mí?"

"Iṣẹ́ ló wọ̀ mí lọ́rùn, Mummy."

Àyọ̀ká mú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Bó bá tún lanu, ẹkún ló máa jáde. Nígbà tí Tósìn ní kí àwọn jókòó sílé, ó ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ àgbàlagbà fìyà jẹ ọmọ. Ẹnu ló fi sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ibi iṣẹ́ ló wà lọ́jọ́ tí Ìfẹ́ pè é lórí fídíò.

"Grandma, look! We're at your castle!"

"Ìfẹ́ mi, yí fóònù sí ọgbà, jẹ́ kí n rí i."

"Okay, but it's so hot, and Daddy won't get me ice cream."

Fóònù yí. Àyọ̀ká rí ojú ọ̀run. Ó rí bàtà. Ó rí ẹ̀yìn ọkùnrin kan tí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ewéko tútù yọ fìrí, wọ́n gé e rémúrémú bí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, omi sì ń dán lẹ́yìn rẹ̀.

"Dúró síbẹ̀! Ìfẹ́, má yí i!"

Ojú Gbóyèga ló yọ. "Mummy, ṣé ẹ ti rí i? Ó dáa gan-an. A ti ń lọ o, a fẹ́ dé ààfin kejì kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Àyọ̀ká ti fóònù bọ àpò, ó padà lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń fi ìbínú fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà débi pé Lará, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bi í pé kí ni aṣọ ṣe é.

"Kì í ṣe aṣọ," ni Àyọ̀ká wí. "Ọmọ mi ni."

Nígbà tí wọ́n ti Faransé dé, wọ́n mú ẹ̀bùn kan wá fún un: àwòrán ààfin náà, kékeré, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì.

"A rántí yín, Mummy," ni Gbóyèga wí.

Ibẹ̀ ni sùúrù tán.

"Ẹ rántí mi? Nígbà tí ò ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ṣé o rántí mi? Èmi tí mo ti ń ya ibẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ, ilé ni mo wà. Ìwọ lo débẹ̀, o ò tiẹ̀ dúró wò ó! Ò ń sáré lọ síbòmíràn!"

Gbóyèga dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Mummy. Lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo wa—"

"N kò bá gbogbo yín lọ mọ́."

Gbóyèga rò pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ìtẹ̀ka pé, Àyọ̀ká kò bi ẹnikẹ́ni. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó wọ subway, ó dé àárín ìlú, ó tẹ̀ka. Kí ewé igi tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí òtútù ṣe ń bọ̀, físà ti jáde. Síbẹ̀ inú rẹ̀ kò rọ̀. Ìgbàkígbà tó bá ṣí fíríìjì tí wọ́n lẹ àwòrán náà mọ́, á pòṣé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Gbóyèga ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí tábìlì, tó ń sọ Faransé geere lórí fóònù, tó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó dúró síbẹ̀ tòun ti jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

"Mummy, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Obìnrin tí mo fẹ́ wọ̀ sílé rẹ̀ ní October. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn láti ilé rẹ̀ dé Chenonceau."

"Ẹ̀yin nìkan? Orúnkún yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀lé yín."

"Oúnjẹ rẹ wà nínú microwave," ni Àyọ̀ká wí, ó sì tẹ nọ́ńbà mìíràn. Ó kù kó béèrè àsìkò ọkọ̀ ojú irin.