Kébù Méjì fún Ọkọ̀ Bàbá Títí

Ọjọ́ tí Bàbá Títí kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ wọn wá bá mi létí omi ní Ọ̀jọ́, mo rò pé wọ́n fẹ́ tà á ni. Ọkọ̀ kékeré oníìgbòkun ni, irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń tì. A kì í sábà rí irú rẹ̀ láàárín ọkọ̀ akérò àti ọkọ̀ oníyanrìn tí mo ń tún ẹ́ńjìnnì wọn ṣe. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà ní ìdí rẹ̀, fún ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kọ̀ tí kò fẹ́ mọ́.

Wọ́n ní, "Ẹ́ńjíníà, mo fẹ́ kí o gbé gíà àti iná ẹ́ńjìnnì yìí wá síbi tí mo ń jókòó sí."

Rimóòtù ni a ń pe ohun tí wọ́n ń wí. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ gan-an ni ọwọ́ tí a fi ń darí rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ jókòó tì í nídìí ọkọ̀, kó máa fi ọwọ́ lọ́ ọ kí iná lè pọ̀ tàbí kó dín. Tí a bá fi rimóòtù sí i, a ó de àpótí kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, okùn wáyà méjì tí à ń pè ní kébù á sì gùn láti ibẹ̀ dé ìdí ẹ́ńjìnnì: ọ̀kan fún gíà tó ń mú ọkọ̀ lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, ọ̀kan fún iná tó ń mú un sáré.

Mo bi wọ́n pé, "Ta ló ń mú ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀?"

Wọ́n wo omi. "Ìyá Títí ni. Èmi á mú ìgbòkun, òun á mú ẹ́ńjìnnì. Ó ti lọ sinmi."

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì wọn, kò lè gòkè kọjá àyà mọ́. Títí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Kánádà. Ó ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà, kí wọ́n jókòó sílé ní Ìbà Estate, kí wọ́n máa wo tẹlifíṣọ̀n.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Bí omi bá gbé bàbá yìí lọ, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló rán wọ́n lọ yẹn. Mo ní, "Baba, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa bá yín lọ."

"Ta ni?"

Ìyàwó tèmi náà ti lọ sí Abẹ́òkúta láti wẹ ọmọ fún ọmọbìnrin wa. Ọmọ tó lọ wẹ̀ ti ń sáré kiri, ìyàwó mi kò tíì padà. Nínú yàrá mi ní Ajangbadi, mo mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe máa ń rí nírọ̀lẹ́ tí mo bá dá wà. Mo mú sípánà.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé kébù dà bí ìfun: ibi tó bá ti ká kò, nǹkan kan ò ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Mo rọra fà á gba abẹ́ etí ọkọ̀, níbi tí kò ti ní ṣẹ́. Apá ọ̀tún ni mo de àpótí mọ́, àmọ́ okùn ìgbòkun ń kọ́ ọwọ́ gíà. Mo tú u, mo tún un dè nísàlẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ dán an wò, Bàbá Títí ti gíà síwájú. Ọkọ̀ bá fẹ̀yìn rìn, ó lọ fìdí gbá ọkọ̀ oníyanrìn. Mo ti de kébù gíà sódì.

Bàbá Títí bú sẹ́rìn-ín. "Bí Ìyá Títí ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tí mo bá ti ní síwájú, ẹ̀yìn ló ń lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. N kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà parí.

Mo tún un ṣe. Mo so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ọrùn ọwọ́ wọn. "Bí ẹ bá ṣubú sómi, ẹ́ńjìnnì á kú fúnra rẹ̀. Kò ní fi yín sílẹ̀ lọ."

Wọ́n dá nìkan lọ. Mo wo ìgbòkun títí ó fi kéré lọ́nà Navy Town. Mo ní iṣẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò lọ sí i. Àwọn tó kù létí omi palẹ̀ mọ́, wọ́n lọ sílé. Oòrùn ti ń wọ̀ kí n tó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì.

Wọ́n dín iná kù, wọ́n fi gíà sí fírì, wọ́n fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́tì, pèpéle tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ni wọ́n bá jókòó, tí wọ́n ń wo òpó tó yẹ kí wọ́n so okùn mọ́. Ọwọ́ wọn kan ṣoṣo kò lè mú jẹ́tì kó tún so okùn, ọkọ̀ sì ti ń sún kúrò. Kò sí rimóòtù tó ń ṣe ìyẹn.

Mo dìde, mo bọ́ sórí jẹ́tì. Wọ́n ju okùn, ó bọ́ sómi. Wọ́n tún un jù, mo hán an.

"O ṣì wà níbí?"

"Mo wà níbí, Baba."

Bí wọ́n bá fẹ́ jáde báyìí, wọ́n á pè mí lórí fóònù. Wọn kì í ní kí n wá. Wọ́n á kàn sọ ìgbà tí wọ́n máa padà.