Ẹni Tó Pariwo Jù Ni Mo Kọ́kọ́ San Fún

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé bí fóònù mi bá ti dún, n óo kọ́kọ́ dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí n tó mọ ẹni tó ń pè. Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìsọlọ̀ nígbà náà, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé Ọlọ́run dá mi ní ọlọ́jà. Mo gbé áńkárá láwìn lọ́wọ́ obìnrin aláṣọ kan ní ọjà Aswani, mo tà á láwìn fáwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo wa sì jọ ń retí ìparí oṣù. Ìparí oṣù dé, owó oṣù ò dé. Mo yá owó lórí fóònù láti fi pẹ̀tù sí aláṣọ nínú. Èlé orí fóònù wá ń lé mi kiri. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà, àmọ́ èmi rò pé àwọn tó ń dáko ni wọ́n ń bá wí. Mo lọ bá ìyá tíṣà kan, ará Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ nílé tí mo ń gbé lókè, pé kí wọ́n yá mi lówó.

Orí ibùsùn wọn ni wọ́n ti ka owó náà fún mi. "Ọmọ mi, owó ojú mi rè é o. Ọ̀kan ti lọ. Dókítà ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́ta péré ni mo lè fi yá ọ." Mo kúnlẹ̀, mo ń fi Ọlọ́run búra. Wọ́n ní kí n má búra, kí n ṣáà dá a padà. Fóònù gbé owó náà mì, kò yó.

Mo wá fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Àjàó Estate ní èyí tí èlé rẹ̀ pọ̀ jù ni kí n kọ́kọ́ san. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní rárá, kékeré ni kí n kọ́kọ́ san, ọkàn mi á balẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ni òun máa san owó áńkárá tèmi. Ó ní kí n má da ọ̀rọ̀ rú.

N ò tẹ̀ lé ìkankan. Mo dá ọgbọ́n tèmi: ẹni tó bá pariwo jù ni n óo kọ́kọ́ san fún. Àwọn ti orí fóònù gba ipò kìíní, torí wọ́n fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi pé olè ni mí. Pásítọ̀ rí i, ọ̀gá ilé ìwé rí i. Ẹni tó wá tún páìpù ilé wa ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pè mí pé òun ń gbàdúrà fún mi. Obìnrin aláṣọ ṣe ipò kejì. Ó dúró sí géètì ilé ìwé lásìkò tí àwọn òbí ń wá mú ọmọ wọn, ó ń ṣàlàyé irú ẹni tí mo jẹ́ fún wọn.

Ìyá tíṣà ò pariwo. Lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á gun òkè wá kan ilẹ̀kùn mi. "Mo ní kí n yà kí ọ ni." Wọ́n á jókòó, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á béèrè àlàáfíà àwọn òbí mi, wọ́n á dìde. Mo máa ń fún wọn lómi tútù, inú mi á sì máa dùn pé ìyá yìí mà fẹ́ràn mi o. Èmi tí wọ́n bí sílé Yorùbá! Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Tèmi dénú, ó sùn síbẹ̀. Oṣù mẹ́ta kọjá, ó di márùn-ún, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tọ ògiri wá. Mo ní kí wọ́n rọra, pé àtẹ̀gùn wa ò dára.

Oṣù kẹjọ ni mo tó san ti àwọn aláriwo tán. Mo kó owó ìyá sínú àpòòwé, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án gangan, inú mi ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Wọ́n yọ owó náà, wọ́n fọwọ́ pa á síbí, wọ́n pa á sọ́hùn-ún, wọ́n sì nà án padà sí mi.

"Bá mi kà á, ọmọ mi."

Mo kà á sókè. Ó pé. Wọ́n súre fún mi, wọ́n ní dókítà ti sọ pé kò sí ohun tí abẹ lè ṣe mọ́, àmọ́ kò burú, owó kì í ṣàìwúlò.

Ọmọ wọn ti mú wọn padà sí Èkìtì báyìí. N ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ sì máa ń bi mí ní ọgbọ́n tí mo dá sí i. Mo máa ń sọ fún wọn pé mo sanwó gbogbo èèyàn pé pérépéré. Ìyá ò fẹ̀sùn kàn mí rí. Ká ní wọ́n jágbe mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan péré ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì máa ríran. Ojú ń tì mí pé irú èèyàn tí wọ́n gbọ́dọ̀ jágbe mọ́ ni mí.